Ìmọ̀ràn: ẹ́ńjìnnì 505 fẹ́ wọ inú Peugeot 504. Kí ni kí n pààrọ̀ kó tó wọlé?

Ọmọ Ìgbọ̀nà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. 504 GL ni ọkọ̀ náà, Òṣogbo níbí ló wà. Rìǹgì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jẹ, ó ń mu ọ́ìlì. Mo ti ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ inú 505, oníkàbúrétọ̀, ìran kan náà ni méjèèjì (XN1, 1971 cc). Ó ṣì wà nílẹ̀. Alternator, kíkísítátà, wọ́tà pọ́ǹpù, fúẹ̀lì pọ́ǹpù: méjìméjì ni wọ́n báyìí, ti àtijọ́ àti èyí tó bá ẹ́ńjìnnì wá, gbogbo wọn ló sì ti gbó. Èwo ni kí n rà, èwo ni kí n tún ṣe? Owó ò tó ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá Gáskẹ́ẹ̀tì:
Ẹ kú ìnáwó. Ohun tó bá jẹ́ rọ́bà, ohun tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, àti ohun tí ọwọ́ ò ní tó mọ́ láìtún sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ibẹ̀ ni kí owó kọ́kọ́ lọ. Èyí tó ṣeé fi sípánà méjì tú nígbàkigbà lè dúró de oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ọ́ìlì síìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú) ẹ̀yìn kíráńkì (irin tí pístìnnì ń yí), bẹ́árìnnì kékeré tí ẹnu ṣáàfù gíáàbọ́ọ̀sì ń wọ̀ ní ìdí kíráńkì, díìsì kílọ́ọ̀ṣì àti rìlíìsì bẹ́árìnnì: ẹ má dá ìkankan sí. Síìlì tó ń jò díẹ̀ máa rin díìsì tuntun, kílọ́ọ̀ṣì á sì máa yọ̀ tí ẹ bá ń gun òkè lọ́nà Iléṣà. Ẹ wo àwọn ìdérí rìbìtì tó dí ihò omi lára bọ́lọ́ọ̀kù náà. Ẹ fi ẹnu síkírù-díráfà tì wọ́n. Èyí tó bá tẹ̀ wọnú ti jẹrà.

Wọ́tà pọ́ǹpù, tuntun ni kí ẹ rà. Síìlì pọ́ǹpù tó ti gbẹ nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kì í tún padà dì dáadáa. Kí ẹ tó so tuntun náà mọ́ ọn, ẹ gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kí ẹ wọn gíga púlì méjèèjì. Tí púlì bá yàtọ̀ sí ti kíráńkì ní mìlímítà méjì péré, fáànù bẹ́ẹ́tì á máa jẹ létí. Gọ́ọ̀mù tín-ín-rín ni kí ẹ fi pa gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó bá pọ̀ ló ń já sínú omi, òun ló sì ń lọ dí redíétọ̀.

Síìtì ẹ́ńjìnnì (rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé), ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Tí tuntun bá wà lápá kan, tí ògbólógbòó wà lápá kejì, ẹ́ńjìnnì á wọ́, fáànù á sì máa wá redíétọ̀.

Àdùkẹ́ Sípánà:
Bàbá ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un: sílíìfù ẹ́ńjìnnì yìí (irin róbótó tí pístìnnì ń rìn nínú rẹ̀), omi ló yí wọn ká, tọ́ọ̀pù sílíńdà nìkan ló tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣí tọ́ọ̀pù láti wo inú rẹ̀, kò gbọdọ̀ yí kíráńkì láìfi irin àti bóòtì de sílíìfù mọ́lẹ̀. Wọ́n máa gbéra, síìlì ìdí wọn á yẹ̀, omi á sì wọ inú ọ́ìlì lẹ́yìn tí ẹ bá ti parí gbogbo iṣẹ́. Tí kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n (agbára ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́) bá dára lórí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má ṣí i rárá.

Ṣéènì ló ń mú fáàfù ẹ́ńjìnnì yìí ṣiṣẹ́ lásìkò, kò ní táímìnì bẹ́ẹ́tì. Tí ẹ bá gbọ́ tó ń ha níwájú, ẹ pààrọ̀ ṣéènì àti ohun tó ń fà á le pa pọ̀.

Rewáyà Òkè-Fìà:
Ẹ jẹ́ kí n mú ti iná. Alternator 505 ni kí ẹ lò, ẹ fi ti 504 pamọ́. Ọ̀pọ̀ 504 àtijọ́ ni regulator rẹ̀ (ohun tó ń díwọ̀n iná alternator) dá wà lára bọ́dì. Ti 505, inú alternator gan-an ló sábà máa ń wà. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín, ẹ yọ regulator ìta kúrò pátápátá. Wáyà ńlá lọ sí báǹtìrì, wáyà kékeré lọ tààrà sí gílóòbù ṣáàjì inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Gílóòbù yẹn gbọ́dọ̀ máa tàn tí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, torí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń jí alternator. Tó bá ti jó, ẹ lè pààrọ̀ alternator mẹ́ta kó má ṣáàjì.

Ẹ má ra alternator tuntun olówó pọ́ọ́kú. Ògbólógbòó ojúlówó tí a fi bẹ́árìnnì méjì àti kábọ́ọ̀nù tuntun sí á pẹ́ jù ú lọ. Nọ́ńbà bẹ́árìnnì wà létí rẹ̀. Ẹ mú un dání lọ sí Gate n'Íbàdàn tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó. Tí ẹ bá parí, ẹ fi mítà wò ó: báǹtìrì tó sinmi, fóòtì 12.6, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, 13.8 sí 14.4. Tó bá ju 14.8 lọ, ó ń sè báǹtìrì ni.

Kíkísítátà: búùṣì àti kábọ́ọ̀nù, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ eyín ara fuláíwíìlì (irin rìbìtì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tí kíkísítátà ń yí) wò nísinsìnyí. Ojú kan náà ni ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà mẹ́rin máa ń kú sí, nítorí náà ibi méjì tó dojú kọra ni eyín ti ń jẹ.

Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé jù ni wáyà ẹ́ẹ̀tì. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó, wáyà yìí nìkan ni iná fi ń padà sí báǹtìrì. Ẹ ra tuntun tó nípọn, 35 mm², kí ẹ ha ojú irin méjèèjì mọ́. Ẹ fi ẹnu mítà kan sí orí nẹ́gátíìfù báǹtìrì, ìkejì sí ara bọ́lọ́ọ̀kù, kí ẹnì kan máa kíkì í. Tó bá ju fóòtì 0.3 lọ, ẹ́ẹ̀tì yẹn ò dára, kíkísítátà ò ní lágbára.

Ọmọ Ọláìyá:
Ẹ yọ thermostat (fáàfù tó ń dí ọ̀nà omi redíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi máa gbóná) dànù, ẹ̀gbọ́n. Oòrùn Òṣogbo àti gòsílóò Ọláìyá ò gba thermostat.

Àdùkẹ́ Sípánà:
Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí Ọmọ Ìgbọ̀nà ṣe bẹ́ẹ̀. Thermostat kì í mú ẹ́ńjìnnì gbóná. Tó bá ti ṣí tán, omi ń kọjá bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa tutù jù lójú ọ̀nà gbọọrọ, epo tí kò jóná tán á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíìfù, rìǹgì á sì tún jẹ. Ohun tó ń fa ooru ní Ọláìyá ni redíétọ̀ tó dí àti fáànù. Fáànù 504 ní mágnẹ́ẹ̀tì tó ń dì í mú tí omi bá gbóná. Tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ bá ti jẹ tán tàbí tí súwíìṣì ara redíétọ̀ kú, fáànù ò ní yí dáadáa. Ẹ tún ìyẹn ṣe.

Ẹ fi okùn so thermostat tuntun rọ̀ sínú omi tó ń gbóná lọ lórí iná, pẹ̀lú tẹmómítà. Ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Omi kànga ńkọ́? Rárá o. Tọ́ọ̀pù yìí, alumíníọ́ọ̀mù ni, omi kànga á jẹ ẹ́. Kúlańtì ìdajì, omi dísítílì ìdajì.

Bàbá Gáskẹ́ẹ̀tì:
Fúẹ̀lì pọ́ǹpù: ẹ ra tuntun onírin tí ẹ́ńjìnnì ń tì. Tí rọ́bà inú ògbólógbòó bá ya, pẹtiróòlù á máa dà sínú ọ́ìlì. Tí ọ́ìlì bá ń ròkè lára gíséèjì (irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì), tó ń rùn bíi pẹtiróòlù, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi pọ́ǹpù iná ọkọ̀ oní-injector sí i. Agbára ìyẹn tó ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí kàbúrétọ̀ lè gbà, epo á kún àkúnwọ́sílẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná.

Ọmọ Ìgbọ̀nà:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan ló kù: ní ọjọ́ tí a máa kọ́kọ́ tan án, báwo ni kí a ṣe é?

Bàbá Gáskẹ́ẹ̀tì:
Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kíkì í títí iná ọ́ìlì inú dáṣíbọ́ọ̀dù yóò fi kú, kó má ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, kí kíkísítátà sinmi láàárín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dá pílọ́ọ̀gì padà. Ẹ ṣọ́ra níbí: láti ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ fuláíwíìlì, ni Peugeot yìí ti ń ka sílíńdà, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ fáànù bíi Toyota. 1-3-4-2 ni wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn. Tí mẹkáníìkì bá ka ti fáànù sí kìíní, iná á máa já nígbà tí fáàfù ń ṣí, kàbúrétọ̀ á máa sín, ẹ ó sì rò pé kàbúrétọ̀ ló bàjẹ́.

Ẹ ṣí omi hítà sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde bí ẹ ṣe ń da omi. Tó bá ti gbóná tí fáànù ti mú, ẹ pa á, kó tutù pátápátá, kí ẹ wá fún gbogbo kílíìpù ọ̀ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì fà bẹ́ẹ́tì tuntun padà, torí ó ti nà. Tí àtàǹpàkò bá tẹ̀ ẹ́ ní àárín tó gùn jù, kó wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà kan.