Kọ̀ǹpútà ẹ̀dínwó lórí cloud: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn níbí, ni mo wà. Mò ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Dọ́là ti wọ́n jù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń háyà spot VM, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ̀dínwó tí èèyàn ń lò láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì (cloud), tí àwọn tó ni ín lè gbà padà nígbàkígbà. Bí ìgbà tí èèyàn pàtẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù ló rí: owó pọ́ọ́kú, àmọ́ tí wọ́n bá ti nílò ààyè wọn, ó di dandan kó o palẹ̀ mọ́.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ ti lọ tó wákàtí 11, mo bá sùn. Nígbà tí mo jí, kò sí kọ̀ǹpútà, kò síṣẹ́. Kì í ṣe iná ló lọ o! Inú dísíìkì kọ̀ǹpútà yẹn náà ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí, wọ́n sì pa á rẹ́ pọ̀. (Ẹ má bú mi, mo ti bú ara mi tán.)

Ní báyìí, mò ń tọ́jú checkpoint (ẹ̀dà ibi tí iṣẹ́ dé, kí n lè tún bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀) síbòmíràn ní ìṣẹ́jú 15-15. Ṣùgbọ́n títọ́jú ẹyọ kan ń gbà tó ìṣẹ́jú kan. Amazon máa ń fúnni ní ìkìlọ̀ ìṣẹ́jú 2 kí wọ́n tó gba kọ̀ǹpútà wọn padà. Ní ti Google, ìṣẹ́jú àáyá 30 péré ni. Kí ni mo lè rí ṣe láàárín 30?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó rí, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ̀ ń tọ́jú iṣẹ́ ní wákàtí kan? Àbí kí n kúkú san owó gidi fún ọ̀sẹ̀ tó kù?