Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gún bàbá kan ní abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀, mátírọ́ọ̀nù ní kí n panu mọ́

Ádímìn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ọsibítù ìjọba kan. Lálẹ́ ọjọ́ Tuesday èmi nìkan ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú aláìsàn 26, wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò tíì dáhùn, ẹnu ni mo fi di tọ́ọ̀ṣì fóònù mú. Mo fẹ́ fi omi abẹ́rẹ́ po oògùn bàbá kan, mo mú ike kékeré kan nínú tíréè, mo já a, mo ti fà á sínú sìríńjì kí n tó rí i pé potassium chloride ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Méjèèjì mọ́ gaara, ike wọn jọra bí ìbejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọṣẹ́ mọ̀ pé tí ìyẹn ò bá gba inú dírípù wọlé díẹ̀díẹ̀, ọkàn èèyàn lè dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún mátírọ́ọ̀nù, ó ní ṣé ó ti wọ ara ẹ̀ ni, mo ní rárá mà, ó ní kí ló wá dé tó o fi ń rò ó, ṣé kúẹ́rì ló ń wù ẹ́ gbà ni. Irú ike yẹn ṣì wà nínú tíréè títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ni àbí kí n dákẹ́?

Bàbá Súnmi: Sisí, gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún jàre. Ẹnì kan kọ irú ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tiwa, òun gan-an ni wọ́n gbé lọ sí rẹ́kọ́ọ̀dù, níbi tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Wọn ò ní bi ẹ́ pé kí ló fà á, ta ló ṣe é ni wọ́n máa bi ẹ́.

Ará Leeds: Níbí ní UK, fọ́ọ̀mù Datix, tá a fi ń jábọ̀ àṣìṣe lọ́sibítù, la máa ń kọ, kódà fún àṣìṣe tí ò pa ẹnikẹ́ni lára. Àmọ́ ibí náà kì í ṣe ọ̀run o, àwọn kan ti sọ ọ́ di pàṣán, "màá Datix ẹ", bí ẹni fẹ́ pe ọlọ́pàá.

Àgbà Nọ́ọ̀sì: Ọmọ mi, ọjọ́ ti pẹ́ tí WHO ti ń pariwo pé kí wọ́n kó potassium kúrò ní wọ́ọ̀dù, kó wà ní fámásì tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́. Kó o tó kọ̀wé, kó ike méjèèjì lọ bá ọ̀gá fámásì, ní kó mú omi fún ẹ láì ka ara ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Èmi ò kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, bàbá tèmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́sibítù báyìí. Nọ́ọ̀sì kan sí aláìsàn 26, ta ló yẹ kó gba kúẹ́rì gan-an?

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an mà. Mo kó méjèèjì lọ bá ọ̀gá fámásì. Potassium ló mú. Ó wò mí, kò sọ̀rọ̀, ó tẹ̀ lé mi dé wọ́ọ̀dù, ike 14 la kà, ó kó gbogbo ẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù lọ. Ìwé náà, mo ti kọ ọ́ tán, ó wà nínú báàgì mi. Mátírọ́ọ̀nù ò tíì dáhùn ẹ kú àárọ̀ mi.