Ọmọ tí inú ń run lójoojúmọ́: ìrírí wa pẹ̀lú olùdámọ̀ràn ilé-ìwé

Olùdámọ̀ràn kan:

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Iṣẹ́ káńsẹ́lọ̀, ìyẹn olùdámọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni mò ń ṣe ní ilé-ìwé àárín, èyí tó wà láàárín alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama àgbà. Ọmọ ọdún 11 sí 14 ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọjọ́ orí yìí kì í ṣe kékeré rárá. Ohùn ọmọkùnrin ń kẹ̀, ara ọmọbìnrin ń yí padà, olùkọ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ wọ́n dunjú tẹ́lẹ̀ ti di olùkọ́ méje tàbí mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ bá sì sọ nípa wọn a máa dùn wọ́n dé egungun.

Nọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló fi ọmọbìnrin kan ránṣẹ́ sí mi. Inú ń run ún. Bí àsìkò ìsinmi ọ̀sán bá ti ń súnmọ́ ni inú rírun náà ń bẹ̀rẹ̀, lópin ọ̀sẹ̀ kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà kò rí àìsàn kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní òpùrọ́. Ó ń dùn ún lóòótọ́. Ìbẹ̀rù ni kò rí ibòmíràn gbà jáde.

Kí n tó bi í ní ohunkóhun, mo sọ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ọmọ tó bá kọ́kọ́ jókòó síwájú mi: "Ohun tí o bá bá mi sọ, àárín àwa méjèèjì ló máa wà. Àmọ́ ohun mẹ́ta kan wà tí n kò lè pa mọ́: bí o bá fẹ́ ṣe ara rẹ léṣe, bí o bá fẹ́ ṣe ẹlòmíràn léṣe, tàbí bí ẹnikẹ́ni bá ń fìyà jẹ ọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yọjú, màá wá ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún." Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ yìí á mú kí ọmọ panu mọ́. Ohun tí ojú mi ti rí yàtọ̀ sí i. Ọmọ ọdún méjìlá tètè ń mọ àgbàlagbà tó ń ṣe ìlérí tí kò ní lè mú ṣẹ. Ẹni tó bá là á mọ́lẹ̀ fún un ló máa ń fọkàn tán.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dá gúrúùpù WhatsApp mìíràn sílẹ̀, wọn ò fi í sí i, wọ́n sì ń fi fọ́tò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Bó bá di àsìkò ìsinmi, wọn á gbé báàgì lé àga tó ṣófo kó má baà rí ibi jókòó. Olùkọ́ kan ní kí n pe gbogbo wọn jọ kí wọ́n parí ìjà. Mo kọ̀. Èyí kì í ṣe ìjà. Ọ̀pọ̀ ló kóra jọ lé ẹnì kan lórí. Bí mo bá mú un jókòó síwájú wọn, mo tún fà á lé wọn lọ́wọ́ ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo rí wọn, n kò sì dárúkọ ẹni tó fẹjọ́ sùn. Àwọn kan sunkún nínú wọn. Ẹ̀rù pé àwọn ni yóò kàn ló mú kí wọ́n máa bá àwọn yòókù fi í rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà la bá ọmọ náà wá ibi tí yóò máa wà lásìkò ìsinmi: ó ń ran olùtọ́jú ilé ìkàwé lọ́wọ́, ibẹ̀ ló ti pàdé ọ̀rẹ́ tuntun. Gúrúùpù yẹn kò pa rẹ́ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n inú rírun náà lọ kí táàmù tó parí.

Bàbá kan:

Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi o, Mà. Ìyá àwọn ọmọ mi kú nígbà tí àkọ́bí mi wà ní ọmọ ọdún 13. Ọmọ náà kò sunkún. Ìjà ló ń jà, ó ń dá olùkọ́ lóhùn, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ta àga. Nígbà tí wọ́n pè mí láti ọ́fíìsì káńsẹ́lọ̀, àyà mi já. Mo bi í pé kí ni ọmọ náà sọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín, màá jókòó tì í." Ibẹ̀ lọmọ mi ti sọ pé ohun tó ń bí òun nínú ni pé láti ìgbà tí a ti sin ìyá òun, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́.

Káńsẹ́lọ̀ náà kò ṣe bí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan. Ó ní iṣẹ́ òun nílé-ìwé kì í ṣe ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́, ó sì júwe ẹni tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ fún wa. Ó wá fún ọmọ náà ní káàdì kékeré kan: bí ọkàn rẹ̀ bá gbóná, kó gbé e sórí tábìlì, olùkọ́ á jẹ́ kó jáde síta díẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun. Mi ò lè gbàgbé káàdì yẹn.

Ẹni tó ti kúrò nílé-ìwé tipẹ́:

Tèmi kò gùn. Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè mí. Káńsẹ́lọ̀ wa ní kí n da báàgì mi sílẹ̀, àwa méjèèjì sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ àmúrelé tí mo ti ṣe parí ló kún ibẹ̀, tí n kò rántí fi sílẹ̀ fún olùkọ́! Ó kọ́ mi láti ní fáìlì kan ṣoṣo, apá ọ̀tún fún èyí tí mo fẹ́ fi sílẹ̀. Kò bá mi wí rárá.

Olùkọ́ ìṣirò kan:

Ó dùn mí pé àwọn tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí la ń rán láti ṣọ́ ìdánwò, tí a sì ń fi rọ́pò olùkọ́ tí kò wá. Ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà, ASCA, dámọ̀ràn pé kí akẹ́kọ̀ọ́ 250 wà fún olùdámọ̀ràn kan, kí ó sì lo ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò rẹ̀ fún iṣẹ́ tó jẹ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gan-an. Iye ọmọ tó wà lọ́rùn tiwa ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Èyí tó tún burú jù lójú mi ni kí olùkọ́ máa fi "màá fi ọ́ ránṣẹ́ sí káńsẹ́lọ̀" halẹ̀ mọ́ ọmọ. Ọmọ tó bá ti rí ọ́fíìsì yẹn bí ibi ìjìyà kò ní débẹ̀ lọ́jọ́ tí ìṣòro bá dé.

Ìyá kan:

Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ìbéèrè ni tèmi. Ọmọbìnrin mi kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó sàn kí òun má sí mọ́. Bí mo bá bi í ní tààrà, ṣé n kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn?

Olùdámọ̀ràn:

Ìyá wa, ẹ bi í. Bíbéèrè kì í fi èrò ikú sí ọmọ lọ́kàn; ó ń jẹ́ kó mọ̀ pé ẹnì kan lè gbọ́ ọ láìsá. Ẹ bi í lóhùn pẹ̀lẹ́, ní ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere: "Ṣé o ti ń rò ó láti pa ara rẹ?" Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì pariwo mọ́ ọn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn àti ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí kí ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kó tó padà sí kíláàsì, ẹ rí káńsẹ́lọ̀ ilé-ìwé rẹ̀, kí ẹ jọ yan àgbàlagbà kan tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ fẹ́, tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Alẹ́ òní ni kí ẹ bi í, Mà.