Ẹ gbà mí o, aṣọ fífọ̀ ń gba odidi Sátidé lọ́wọ́ mi

Ìyá Tiwa
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì ni mí níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù funfun márùn-ún ni mo ní, iṣẹ́ àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti òru ni mo ń ṣe, bí wọ́n bá ṣe pín in. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni kànga ilé wa ti lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti so okùn mọ́ okùn, ẹrẹ̀ ni garawa ń gbé bọ̀. Ìyẹn ló sọ mí di oníbàárà ilé ìfọṣọ kan tó ní ẹ̀rọ mẹ́rin, tó jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo máa kó aṣọ sí i, wàá sanwó, wàá dúró tì í.

Sátidé tó kọjá, aago 10 àárọ̀ ni mo jáde nílé. Mo ní kó tó di aago 12 màá ti dé. Èèyàn mẹ́fà ló wà níwájú mi! Aago 1 ti kọjá kó tó kàn mí. Mo kó aṣọ sí i, mo da ọṣẹ sí i, mo jókòó. Kò tíì tó ìṣẹ́jú 20, wọ́n mú iná lọ. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ò ṣí. Mò ń wo aṣọ mi láti ojú dígí bó ṣe léfòó sínú omi, ọmọkùnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ sì ti gbé kẹ́ẹ̀gì lọ wá epo jẹnẹrétọ̀. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni mo délé, mo sì níṣẹ́ òru. Áyọ́ọ̀nù ni mo fi lọ yúnífọ́ọ̀mù náà gbẹ. Títí di òru, ìbàdí rẹ̀ ṣì ń tutù sí mi lára.

Ẹ jọ̀ọ́, wákàtí mélòó ló yẹ kéèyàn yà sọ́tọ̀? Ọjọ́ wo ló dáa? Ṣé kí n máa jókòó tì í ni, àbí kí n máa lọ ra nǹkan lọ́jà kí n tó padà wá?

Bàbá Ìlódè
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Láyé tiwa, alágbàfọ̀ ló ń wá sílé. Á ka aṣọ lójú rẹ, á kọ ọ́ sínú ìwé, á wá fi yíǹkì dúdú sàmì sí ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan kó má baà pààrọ̀. Ìlà méjì àti àmì róbótó kékeré kan ni tiwa. Mo ṣì ní bùbá kan tí àmì yẹn wà lọ́rùn rẹ̀, aṣọ ti gbó, àmì ò parẹ́. Kí ló dé tí o ò gbé e fún alágbàfọ̀?

Ìyá Tiwa
Bàbá, ẹ ṣé. Mo gbé e fún ẹnìkan rí. Ọjọ́ 3 ló dá fún mi, ọjọ́ 8 ni mo rí aṣọ gbà, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ti mú àwọ̀ búlúù bọ̀. Iṣẹ́ tiwa kọ́ ni wọ́n ń wọ búlúù sí.

Alágbàfọ̀ Sábó
Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe gbogbo wa o! Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, torí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí.

Ẹ̀rọ kọ́ ló gba àkókò yín. Ìtò ló gbà á, iná gba ìyókù. Ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ wà níwájú, bí ẹ bá yí ìwọ̀n gbígbóná omi rẹ̀ sí 60, ó lè lò ju wákàtí 2 lọ, nítorí omi tútù ló ń fà wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé e kaná. Bí ẹ bá yí i sí 30 tàbí omi tútù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni á parí ní nǹkan bíi wákàtí kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní kíákíá, ìṣẹ́jú 15 tàbí 30, aṣọ díẹ̀ tí kò dọ̀tí púpọ̀ ló wà fún. Aṣọ tó ti gba òógùn òru kan kò sí níbẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Ọṣẹ ẹlẹ́bú tí a fi ń fọwọ́ fọ aṣọ máa ń hó jù. Bí ìfófó bá kún inú ẹ̀rọ yẹn, kò ní lè fún aṣọ dáadáa, á tún fa omi mìíràn, á tún ṣan án. Ẹ ó kàn máa wò ó ni, á kọ ìṣẹ́jú 9 síwájú, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, 9 náà ni ẹ ó tún bá níbẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín lórí ìtò á máa pòṣé. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ti ẹ̀rọ ni, ẹ má sì bù ú bí ẹni bu gààrí.

Ẹ má ki aṣọ mọ́ ọn. Bí ẹ bá kó aṣọ sí i tán, kí àtẹ́lẹwọ́ yín ṣì lè wọlé lókè rẹ̀.

Ti ilẹ̀kùn: bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, kò ní ṣí, ẹ má fipá fà á. Ìdérí kékeré kan wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ iwájú, ibẹ̀ la ti ń tú omi dà nígbà tí iná bá lọ. Ibẹ̀ náà la ti ń bá owó ẹyọ, bọ́tìnì àti píìnì irun. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló yẹ kó ṣe é, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí iná bá sì dé, ọ̀pọ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dúró sí.

Ní ti ọjọ́, ẹ sá fún Sátidé. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilú yìí ló ń rántí lọ́jọ́ Sátidé pé aṣọ àwọn ti dọ̀tí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ló dáa jù, ẹ má wo ti orúkọ Ọjọ́rú. Nígbà tí àwọn olùkọ́ fásitì dáṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù 8 lọ́dún 2022, èmi àti ẹ̀rọ la kàn ń wo ara wa. Ẹni tó bá wá fọṣọ nígbà yẹn, à fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un ní àga onítìmùtìmù.

Ọmọ Ifẹ̀ ní Chicago
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀, alẹ́ ni níbí. Ibí yìí, ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ nílé, ilé ìfọṣọ náà ló ń lọ. Ẹ̀rọ á tò bẹẹrẹ, ìlà méjì mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀, owó ẹyọ sẹ́ńtì 25 la fi ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́, káàdì ti ń gbà á ní ọ̀pọ̀ ibi báyìí. Fífọ̀ máa ń tó ìṣẹ́jú 30, ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ á gbà tó 45. Mo máa ń ya wákàtí 2 sọ́tọ̀ pẹ̀lú kíká. Ẹ wo ara ògiri dáadáa: ibi tí wọ́n bá ń tì ní aago 10 alẹ́, wọ́n lè kọ ọ́ pé lẹ́yìn aago 8 ààbọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìfọṣọ mọ́.

Ọgbọ́n tí mo kọ́ ni pé bí aṣọ bá pọ̀, mo máa ń pín in sí ẹ̀rọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Àkókò ẹ̀rọ kan ni màá lò.

Ní ti kéèyàn fi í sílẹ̀ lọ sọ́jà, ẹ má dán an wò. Mo lọ ra oúnjẹ rí, ìṣẹ́jú 10 péré ni mo fi pẹ́. Ẹnìkan ti kó aṣọ mi jáde sórí tábìlì ní tútù, ṣòkòtò abẹ́ mi ló gbé gorí gbogbo ẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò mí bí mo ṣe wọlé.

Ìyá Olómi Òjò
Kí lẹ̀ ń dààmú ara yín sí? Yúnífọ́ọ̀mù márùn-ún! Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Garawa omi méjì, ọṣẹ dúdú, ìṣẹ́jú 40.

Ìyá Tiwa
Mà, omi yẹn gan-an ni kò sí. Bí mo bá ra omi garawa lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ omi, tí mo sì fọ̀ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òru, ẹ̀yìn mi ni yóò sọ fún yín.

Ọmọ Great Ife
Àǹtí, èmi máa ń lọ ní aago 9 alẹ́ ni. Kò sí èrò, màá gbé ìwé dání, kí n tó ka orí kan tán, aṣọ ti parí.

Bàbá Ìlódè
Kí obìnrin máa gbé àpò aṣọ lórí ọ̀kadà láago 11 òru? Ìwọ ọmọ yìí, kàwé rẹ.

Aládìrẹ Mọ́dákẹ́kẹ́
Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àdìrẹ ẹlẹ́lùú, kó má kó o sínú ẹ̀rọ mọ́ aṣọ mìíràn o. Oníbàárà mi kan kó tirẹ̀ mọ́ àgbádá funfun ọkọ rẹ̀, àgbádá náà di àwọ̀ ojú sánmà, àwòrán ọkọ ló fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Òun nìkan ni kẹ́ ẹ fọ̀, omi tútù, inú báfù, ẹ sì sá a síbòji.

Ìyá Tiwa
Yéè! Ìró ẹlẹ́lùú kan wà nínú àpò ọ̀sẹ̀ yìí. Mo ti dìde lọ yọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Iléṣà
Ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú orí iṣẹ́. Rósítà, ìwé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ fún wa, ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé, ẹ fi ti Sátidé sílẹ̀. Bí mo bá ṣe òru mọ́jú, tí mo jáde láago 8, àpò aṣọ mi ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rọ á ṣófo, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ, yúnífọ́ọ̀mù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kì í fi bẹ́ẹ̀ kún. Èyí tó kù nílé ló ń gbà mí bí nǹkan bá bàjẹ́.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sí i, omi tútù ni lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò níbi iṣẹ́ pàápàá. Omi gbígbóná á sè é mọ́ aṣọ bí ìgbà tí a se ẹyin. Kí ẹ má sì da aṣọ iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ.

Ẹ bá wọn ṣàdéhùn kẹ́ ẹ tó sanwó: ṣé epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, àbí kò sí? Ẹ bi wọ́n, kí wọ́n gbé e kẹ́ ẹ rí i.

Alágbàfọ̀ Sábó
Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ tún bi wọ́n bóyá jẹnẹrétọ̀ wọn lè gbé ẹ̀rọ tó ń se omi. Èyí tí a ń pè ní "I pass my neighbour" kò lè gbé e. Oníkòtò méjì ló lè gbé, ìyẹn ẹ̀rọ tí ẹ máa fọ aṣọ lápá kan bíi ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ kó o sí apá kejì kó fún un fún ìṣẹ́jú 5. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀kùn tó máa tì mọ́ aṣọ yín.

Ìyá Tiwa
Mo ti padà dé o. Òní Ọjọ́rú ni mo lọ, mo ti ibi iṣẹ́ òru gba ibẹ̀ lọ tààrà. Aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 25 ni mo débẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́ta ló ṣófo nínú mẹ́rin. Mo ní kí ọmọkùnrin yẹn gbé kẹ́ẹ̀gì epo kí n rí i. Ó wò mí bí ẹni wo ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ó gbé e. Mo yí i sí 30, ìdajì ọṣẹ tí mo máa ń bù tẹ́lẹ̀. Aago 9 kọjá díẹ̀ wọ́n mú iná lọ, kó tó di 9:20 jẹnẹrétọ̀ ti ń dún. Mo sùn lórí àga níbẹ̀, mo gbá àpò mọ́ra. Aago 10 ti kọjá díẹ̀ nígbà tí mo délé, mo sá aṣọ, mo wọlé lọ sùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: nígbà tí mo jí láago 2, aṣọ ti gbẹ pátápátá, ọyẹ́ ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ ilé kejì náà sì ti ṣe tirẹ̀. Ó ti jẹ etí ọ̀kan nínú yúnífọ́ọ̀mù náà dé bíi ìka mẹ́ta. Ta ló mọ aránṣọ kan ní ìhà Lágere tó lè bá mi gé e kúrú kí ó tó di Ọjọ́ Ẹtì?

Bàbá Ìlódè
Ọmọ mi, ta ló ni ewúrẹ́ náà?