Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ló dé tí àwọn àgbà oníbéèsì fi ń fẹ́ Ampeg?

Oníbéèsì Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Gìtá béèsì ni mò ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì máa ń bá àwọn onijùjú kan lọ òde ìnáwó ní Sátidé. Ṣọ́ọ̀ṣì ti dá owó ampilifáyà jọ, wọ́n ní kí n lọ yan èyí tó bá dáa. Gbogbo àgbà tí mo bi, Ampeg, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ampilifáyà béèsì, ni wọ́n ń pè. Tí mo bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní "ìwọ ṣáà lọ gbọ́ ọ."

Mo ti rí tọ́kùnbọ̀ kan nílùú Èkó, ampilifáyà Ampeg tí wọ́n ń pè ní SVT, onífáàfù (ìgò bíi gílóòbù tó ń gbé ohùn ga), pẹ̀lú àpótí sípíkà mẹ́jọ. Owó yẹn kan náà lè ra tuntun tó fúyẹ́. Ẹgbẹ́ regbéregbé kan ti ní àwa ni a máa ṣeré fún wọn lẹ́yìn Ojúde Ọba. Lọ́dún tó kọjá, èyí tí mo gbé lọ òde kéré. Orin kẹta la wà tí gángan àti jẹnẹrétọ̀ ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Owó Ọlọ́run ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́, mi ò fẹ́ ṣì í ná.

Bàbá Béèsì, Ṣágámù:
Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè. Iṣẹ́ béèsì ni Ampeg fi bẹ̀rẹ̀. Everett Hull tó dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, béèsì onígi ńlá tí wọ́n ń gbé dúró ni òun fúnra rẹ̀ ń ta. Ó fi agbóhùn sínú ẹsẹ̀ béèsì náà, níbi tó fi ń tẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn tí Òyìnbó ń pè ní peg ni orúkọ náà ti wá.

1969 ni SVT jáde. Wáàtì 300, fáàfù ńlá mẹ́fà ló ń ti ohùn rẹ̀ síta. Agbára rẹ̀ ju ohun tí sípíkà ayé ìgbà yẹn lè gbà lọ, ni wọ́n bá kó sípíkà oníǹṣì 10 mẹ́jọ sínú àpótí kan, wọ́n tún ní kí èèyàn so méjì irú rẹ̀ mọ́ ọn. Rolling Stones, ẹgbẹ́ olórin Òyìnbó kan, gbé e káàkiri Amẹ́ríkà lọ́dún náà gan-an.

Ohun tí etí wa ń wá nìyí. Okùn E, èyí tó nípọn jù lára béèsì olókùn mẹ́rin, 41 Hz ló ń dún, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àpótí yẹn dí pa, kò ní ihò, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbé 41 yẹn jáde. Ìlọ́po rẹ̀ ló ń gbé síwájú, bíi 82 àti 123, ibẹ̀ sì ni etí ti ń dá ohùn mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í hó gbùùù ká gbogbo gbọ̀ngàn. Sípíkà kékeré fúyẹ́: ìka kan okùn báyìí, ohùn ti dé. Tí o bá sì ṣí i sókè, fáàfù kì í ya lójijì, ohùn á kàn máa nípọn sí i, bí ohùn àgbà akọrin tó ti gbóná. Bọ́tìnì kan tún wà níbẹ̀ tó ń yan àárín ohùn, 220, 800 tàbí 3000. Òun ni èmi fi ń yà fún gángan.

Ọ̀dọ́ Onígìtá, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin àgbà. Inú míksà ni èmi ń so béèsì mi sí tààrà. Sípíkà gbọ̀ngàn ni àwọn èèyàn ń gbọ́, ampilifáyà tèmi nìkan ló wà fún.

Bàbá Béèsì, Ṣágámù:
Ìyẹn dáa nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Lóde ìnáwó tí ẹni tó wà nídìí míksà ti gbé gbogbo rẹ̀ fún akọrin ńkọ́?

Oníṣẹ́ Ẹ̀rọ, Ìkẹ́nnẹ́:
Òótọ́ ni bàbá sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi. Tọ́kùnbọ̀ Amẹ́ríkà, iná fólítì 120 ló mọ̀, tiwa sì jẹ́ 230 sí 240. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná. Ẹ má ṣe ta béèsì sí onífáàfù láìso sípíkà mọ́ ọn, tiransifọ́mà inú rẹ̀ lè jóná. Fáàfù mẹ́fà yẹn náà, tí wọ́n bá gbó, papọ̀ la máa ń pààrọ̀ wọn.

Olórí Ẹgbẹ́ Akọrin, Ìpẹ́rù:
Ta ni yóò máa gbé e? Àpótí sípíkà mẹ́jọ yẹn ju 60 kílò lọ. Ọmọ wa kan fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣèṣe nídìí irú rẹ̀, inú yàrá ẹrù ni àpótí náà wà di òní.

Oníṣẹ́ Ẹ̀rọ, Ìkẹ́nnẹ́:
Ìyáa wa, ẹ ṣeun. Àbúrò, Ampeg fúnra wọn ń ṣe olórí (ampilifáyà lásán, tí kò ní sípíkà nínú) tí kò ní fáàfù ńlá, tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Ra ìyẹn pẹ̀lú àpótí méjì onísípíkà mẹ́rin, 8 ohm (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná) ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjèèjì papọ̀ á di 4 ohm, kí o rí i pé olórí náà gbà á. Ọ̀kan á tó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá di òde, o kó méjèèjì, sípíkà mẹ́jọ rẹ náà ti pé.

Oníbéèsì Ìjẹ̀bú-Òde:
Ọlọ́run á bù kún yín. Ìyáa wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọmọ yẹn ká mi lára. Mo ti fi onífáàfù yẹn sílẹ̀. Àpótí méjì ni mo máa lọ wò lọ́jọ́ Tuesday, màá gbé gìtá mi dání.

Bàbá Béèsì, Ṣágámù:
Mú onígángan yín dání pẹ̀lú. Má dúró nídìí ẹ̀rọ o, jẹ́ kí ẹlòmíì ta á, kí ìwọ lọ dúró sí òdìkejì títì. Tí o bá ń gbọ́ gángan, tí o sì ń gbọ́ béèsì lọ́tọ̀, san owó wọn.