Ẹjọ́ ìbò gómìnà Ọ̀ṣun 2022: kí ló dé tí ìwé láti orí sáfà INEC kò tó ẹ̀rí?

Ọmọ Ìkìrun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. INEC kéde ìbò 403,371 fún Adémọ́lá Adélékè, 375,027 fún Gbóyèga Oyètọ́lá. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà l'Óṣogbo yọ àdìjù ìbò (ìbò tó ju iye àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lọ) kúrò, ó wá ku 290,666 fún Adélékè, 314,921 fún Oyètọ́lá. Ìwé iye olùdìbò láti orí sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tí INEC ń kó iye gbogbo ibùdó jọ sí), tí INEC fúnra rẹ̀ fi òǹtẹ̀ lù, ni wọ́n gbé e kà. Báwo ni àwọn ilé ẹjọ́ òkè ṣe wá ní kò tó?

Lọ́yà Òkè-Fìà
Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú BVAS, ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ fi ń yẹ olùdìbò wò ní ibùdó. Bí ó bá ti dá ìka tàbí ojú olùdìbò mọ̀, yóò fi ọ̀kan kún iye tó wà nínú rẹ̀. Inú ẹ̀rọ níbẹ̀ ni iye náà wà. Sáfà ń dúró de kí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ ni. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dákẹ́, ti sáfà yóò kéré.

Ká ní fọ́ọ̀mù EC8A, ìyẹn ìwé èsì ibùdó kan, ka ìbò 312, tí ìwé sáfà sì ní èèyàn 281 ni ẹ̀rọ dá mọ̀. Ẹni tó wo méjèèjì yìí nìkan á ní ìbò 31 ti lé. Ẹ wá tan ẹ̀rọ náà, ó ka 315. Àdìjù dà níbẹ̀?

Ọjọ́ 27 oṣù Keje ni INEC fún àwọn olùpẹ̀jọ́, ìyẹn Oyètọ́lá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ APC, ní ìwé tiwọn, ọjọ́ 10 péré lẹ́yìn ìkéde èsì. INEC ní àwọn ẹ̀rọ kan kò tíì fi tiwọn ránṣẹ́ tán nígbà náà. L'Óṣogbo gan-an, adájọ́ méjì ló fara mọ́ ọn, ẹnì kẹta kọ̀. Nígbà tí Adájọ́ Emmanuel Agim ka ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 2023, nǹkan mẹ́ta ló ní kí olùpẹ̀jọ́ gbé kalẹ̀: ìwé orúkọ olùdìbò, ẹ̀rọ BVAS, àti EC8A.

Aṣojú Wọ́ọ̀dù
Ẹ ṣeun, Lọ́yà. Ìwé orúkọ yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Wọ́n rò pé BVAS ti gba ipò rẹ̀, nítorí pé òfin ìdìbò 2010 ló ń fi ìbò wé iye orúkọ tó wà nínú ìwé. Òfin 2022, abala 51, iye àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí ló ń wò. Ṣùgbọ́n ìlànà INEC fún ìdìbò 2022 ṣì ní kí òṣìṣẹ́ sàmì sí orúkọ olùdìbò kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà. Àmì yẹn ni a ó fi yẹ iye inú ẹ̀rọ wò.

Ibùdó 744 ni wọ́n pè lẹ́jọ́ l'Ọ́ṣun. Iṣẹ́ ńlá ni láti to ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò sí ọ̀nà àbùjá.

Ọmọ Ìkìrun
Ó yé mi wàyí. Bí INEC bá ti nu inú ẹ̀rọ fún ìdìbò mìíràn ńkọ́?

Lọ́yà Òkè-Fìà
Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ fi falẹ̀. Ọjọ́ 21 péré l'ẹ ní láti fi pẹjọ́, bó bá sì ti kọjá, ẹ kò lè fi ẹ̀sùn tuntun kún un mọ́. Kí ìwé ẹ̀sùn tó wọlé ni kí ẹ ti tọ ìgbìmọ̀ lọ lábẹ́ abala 146 òfin 2022, kí wọ́n pàṣẹ kí ẹ yẹ ẹ̀rọ wò. Ẹ dárúkọ ibùdó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ ẹ̀rọ dání tí yóò jẹ́rìí sí ohun tó rí. Ọjọ́ 180 ni ìgbìmọ̀ ní. Ti Ọ̀ṣun lo 175. Kòtẹ́mílọ́rùn ní 60, ó lo 56. Kò sí àyè láti padà lọ wá ohun tí ẹ gbàgbé.