Ṣé dandan ni kí wọ́n máa pa á ní ìparí ìwé?

Akàwélóru:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ni mí, ìwé iwin àti òkú tó ń rìn ni mo sì fẹ́ràn jù láti ìgbà tí mo ti mọ̀wé kà. Nǹkan méjèèjì yìí ò pàdé rí fún mi àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo ka Carmilla tí Sheridan Le Fanu kọ. Ìwé àtijọ́ ni, ó ti wà nínú àkójọ ìtàn rẹ̀ kan láti 1872, ọdún 25 kí Dracula tó jáde, ìwé tó lókìkí nípa fámpáyà, ìyẹn òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Nínú ti Le Fanu yìí, obìnrin ni fámpáyà náà, Carmilla lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Laura ló sì gbà á lọ́kàn.

Mo kà á bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i. Ibì kan wà tí Carmilla ti di Laura lọ́wọ́ mú, tó ń wò ó lójú, tí mímí rẹ̀ ń yára débi pé aṣọ rẹ̀ ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ irú mímí yẹn.

Ìgbà tó yá, wọ́n ṣí sàréè Carmilla. Nínú pósí òjé ló wà, ẹ̀jẹ̀ tó jìn ní íńṣì méje ló sùn sí. Wọ́n kan igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó mọ́ ọn láyà, ó figbe ta, wọ́n bẹ́ orí rẹ̀, wọ́n sun ún, wọ́n da eérú rẹ̀ sódò. Mo pa ìwé dé, mo bú sẹ́kún. Mo mọ̀ pé ó pààyàn. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu nínú ìwé náà pé òun fẹ́ràn obìnrin, òun gan-an ni iwin. Ó wá dà bíi pé èmi ni wọ́n sun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka irú ìwé yìí tipẹ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kì í fi í wọ̀ yín lára báyìí? Ṣé èyí tí wọn ò ti pa á wà?

Ẹ̀gbọ́n Oníwèé:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Padà lọ ka gbólóhùn tó kẹ́yìn. Nígbà tí Laura fi ń kọ ìtàn yẹn, ó ti lé ní ọdún 10 tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ ó máa ń ta gìrì nígbà mìíràn, tí yóò máa ṣe é bíi pé òun gbọ́ ẹsẹ̀ Carmilla lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbàlejò. Wọ́n ti sun ún, eérú rẹ̀ ti bómi lọ, Laura ṣì ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀! Le Fanu ì bá fi eérú parí ìwé tó bá wù ú. Lójú tèmi, ohun tí ayé ìgbà yẹn fẹ́ gbọ́ ni igi àti iná. Ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn ni ìwé náà.

Ọ̀rẹ́ Ìwé:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Oscar Wilde, òǹkọ̀wé tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiẹ̀, tí wọ́n sì torí ẹ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tí The Picture of Dorian Gray kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn kan ní 1890, olóòtú ti yọ àwọn ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀ láìsọ fún un. Nígbà tó di 1895, wọ́n ka ìwé náà sí i létí nílé ẹjọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló sì já sí. Ó di 2011 kí ohun tó kọ gan-an tó wá jáde látọ̀dọ̀ ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Harvard. Nítorí náà, bí mo bá ń ka ìwé ìgbà yẹn, mi ò kì í ka ìparí rẹ̀ bí ìdájọ́ lórí mi. Mo máa ń wo ohun tí òǹkọ̀wé rí gbé kọjá lójú àwọn tó ń ṣọ́ ọ.

Òkùnkùn Ò Dẹ́rù Bà Mí:
Èyí tí wọn ò ti pa á wà dáadáa. The Gilda Stories, Jewelle Gomez ló kọ ọ́ ní 1991. Ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan sá kúrò lóko ẹrú ní Louisiana ní 1850, ó di fámpáyà, ó sì ń bẹ láyé títí di 2050. Ó fẹ́ràn obìnrin, kò sì sẹ́ni tó fìyà ìyẹn jẹ ẹ́. Bó bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan, kì í pa á. Á wo inú ọkàn onítọ̀hún, á fi nǹkan tó ń wá sílẹ̀ fún un, bí àlá tàbí ìgboyà. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Tó bá jẹ́ iwin lo fẹ́, wá Cemetery Boys ti Aiden Thomas, 2020 ló jáde. Ọmọkùnrin tráńsì kan, ìyẹn ẹni tí wọ́n kà sí obìnrin nígbà tí wọ́n bí i, pe òkú jáde, ó pe ẹlòmíì tí kò rò, òkú náà sì kọ̀, kò lọ. Mi ò ní sọ ìyókù, ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀.

Àkàgbádùn:
Èmi ò gbà pẹ̀lú yín tán o. Mi ò fẹ́ kí wọ́n torí mi sọ gbogbo fámpáyà di èèyàn rere. Ọdún gbọọrọ ni mo fi fi ara mi pamọ́ fún àwọn òbí mi, mo mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn máa rìn lóru. Iwin tó ń bínú, tó kọ̀ láti sùn, ìyẹn ló bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sẹ́lòmíì.

Akàwélóru, ohun tí mo máa ń wò nìyí: ọ̀tọ̀ ni kí iwin fẹ́ràn obìnrin, ọ̀tọ̀ sì ni kí ìwé sọ pé torí pé ó fẹ́ràn obìnrin ló ṣe di iwin. Èkejì yẹn ni mo máa ń dá padà síbi tí mo ti mú un.

Ìyá Kékeré:
Ọjọ́ tí ọkàn rẹ bá wúwo, ka ojú ewé tó kẹ́yìn ná. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Akàwélóru:
Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀gbọ́n, mo ti padà lọ kà á. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, omijé ò jẹ́ kí n rí gbólóhùn yẹn rárá, mo ti pa ìwé dé síbi odò. Báyìí mo ti kà á sókè nígbà mẹ́rin, ìyàwó mi sì jí, ó ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo kà á fún òun náà. Ó ní kí n má pa iná, kí n bẹ̀rẹ̀ látojú ewé kìíní.